AC Mọ́tò Tí Kò Tutù Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Tí AC mọ́tò bá ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé, “Gáàsì ló tán, ẹ lọ fi gáàsì sí i.” Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà máa ń bọ́ sí i. Nígbà púpọ̀, gáàsì kọ́ ni, owó gáàsì náà ló kàn máa ṣòfò. Àwọn ìbéèrè tí àwọn onímọ́tò máa ń béèrè jù ni mo kó jọ síbí yìí. Bí mo ṣe rò pé ó yẹ ká máa yẹ AC wò ni mo ṣe tò wọ́n: ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ ló ṣáájú, ohun tó ń gbọ́n owó lọ ló tẹ̀ lé e.

Báwo ni AC mọ́tò ṣe ń tutù gan-an?

AC kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó kúrò nínú mọ́tò lọ síta, gáàsì kan tó ń yí po nínú páìpù tí wọ́n dí pa ló sì ń bá a ru ooru náà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, ló máa ń fún gáàsì náà pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an. Láti ibẹ̀ ni gáàsì ti ń lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn àwọ̀n irin tó wà níwájú rédíétọ̀. Atẹ́gùn á fẹ́ ooru rẹ̀ dànù níbẹ̀, gáàsì á sì di olómi. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba ihò tíńtín kan tí wọ́n ń pè ní expansion valve kọjá. Nínú àwọn mọ́tò kan, páìpù tóóró kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bó ṣe ń jáde níbẹ̀ ni pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti ara páìpù, á já wálẹ̀ lójijì, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ifápórétọ̀, ìyẹn àwọ̀n irin mìíràn tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní gbangba, −26°C péré ni R-134a, gáàsì AC tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ń lò, ti ń hó. Ooru inú mọ́tò yín ló ń lò láti fi hó, ìyẹn ni afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ gba ara ifápórétọ̀ kọjá ṣe ń tutù kó tó kàn yín lára.

Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pé kí AC tó tutù: gáàsì tó tó ìwọ̀n, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fún un, atẹ́gùn tó ń gba ara kọ́ńdẹ́ńsà kọjá, àti afẹ́fẹ́ tó ń gba ara ifápórétọ̀ kọjá láìsí pé ooru ẹ́ńjìnnì ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ohun tó máa ń ṣe AC, abẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń bọ́ sí. Gáàsì kàn jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn ni.

Kí ni mo lè fúnra mi yẹ̀ wò kí n tó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni?

Ó pọ̀. Ẹ gbé mọ́tò síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú gáréèjì tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń pani. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bọ́tìnnì AC, ẹ yí òtútù dé òpin, kí ẹ sì fi fáànù sí ibi tó ga jù. Tí mọ́tò bá ti wà nínú oòrùn, ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ooru tó ti há sínú lè jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ tì í, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya mọ́tò àti ọfà tó tẹ̀ kọrọdọ sí. Bọ́tìnnì yẹn ló ń jẹ́ kí AC máa tún afẹ́fẹ́ inú mọ́tò tó ti tutù díẹ̀ lò, dípò kó máa fa èyí tó gbóná wọlé láti ìta. Mọ́tò mélòó kan tí wọ́n ní AC rẹ̀ ti bàjẹ́, bọ́tìnnì yìí nìkan ni wọn kò tẹ̀.

Ẹ wá ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ, ẹ̀gbà ọrùn tàbí irun yín sún mọ́ bẹ́líìtì àti fáànù. Fáànù lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ wo iwájú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀: ṣé awo irin tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ń yí, àbí bẹ́líìtì nìkan ló ń yí, tí awo náà dúró gbári? Ẹ wo fáànù tó wà lẹ́yìn tàbí níwájú rédíétọ̀: ṣé ó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ tan AC? Ẹ wo ojú kọ́ńdẹ́ńsà pẹ̀lú: ewé, ẹrẹ̀, kòkòrò òkú àti ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn débi pé atẹ́gùn kò ní ráyè gbà kọjá.

Páìpù AC méjì ló wọ inú mọ́tò láti ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan sanra, èkejì tínrín. Tí AC bá ti ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5, èyí tó sanra gbọ́dọ̀ tutù, kó sì máa làágùn. Èyí tó tínrín gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí kó gbóná. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, gáàsì kò sí níbẹ̀ tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò fún un. Tí èyí tó sanra bá tutù nini, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde sí yín gbóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta gáàsì fún yín: inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni wàhálà wà.

Bí ẹ bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru, ẹ fi sínú ihò AC tó wà láàárín. Nínú mọ́tò tí AC rẹ̀ dá ṣáṣá, nǹkan bíi 4°C sí 10°C lẹ máa rí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn mú gan-an, tí ọ̀rinrin sì pọ̀ lójú ọjọ́.

Ṣé gáàsì AC máa ń tán fúnra rẹ̀ ni?

Kì í tán. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo onímọ́tò mọ̀ dáadáa, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ló ń gba owó jù lọ́wọ́ wọn. Gáàsì AC kì í jó bí epo tó wà nínú táǹkì ṣe ń jó. Kò sí ohun tó ń lò ó tán. Yíyí ló kàn ń yí po. Bó bá dín kù, ó jò ni.

Òótọ́ ni pé hóòsì rọ́bà àti síìlì (rọ́bà tó ń dí ojú ìsopọ̀) máa ń jẹ́ kí ìwọ̀nba gáàsì rá jáde díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, tí mọ́tò bá ti lo ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan AC rẹ̀, tí òtútù rẹ̀ wá dín díẹ̀, kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n fi gáàsì sí lónìí, tó wá gbóná padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ihò wà lára rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó ń rọ gáàsì tuntun sí i lóṣooṣù, tí kò wá ibi tó ti ń jò, ẹ̀tẹ̀ náà ló ń bọ́.

Ewu rẹ̀ ju ti owó gáàsì lọ. Ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́ kò ní ibùdó tirẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì; inú gáàsì ló ń bá a yí po. Bí gáàsì ṣe ń jò lọ́jọ́ dé ọjọ́ ni ọ́ìlì ń bá a jáde, tí gáàsì tó kù kò sì ní lágbára láti gbé ọ́ìlì tó kù padà sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara rẹ̀. Tí ihò náà bá wá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo gáàsì jáde pátápátá, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin á rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rinrin àti ọ́ìlì tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ máa ń di ásíìdì tó ń jẹ irin láti inú.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé gáàsì tó jò kò kàn parẹ́. Kílógíráàmù kan R-134a máa ń mú kí ayé móoru tó nǹkan bí 1,430 kílógíráàmù káábọ́ọ̀nù dáyọ́síàdì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ tú u dà sójú ọ̀run. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fà á sínú sìlíńdà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò?

Ojú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ọ́ìlì máa ń bá gáàsì jáde, ibi tó ń jò sábà máa ń ní àbàwọ́n ọ́ìlì tí eruku ti lẹ̀ mọ́. Ẹ wo ibi tí páìpù méjì ti so pọ̀, níbi tí rọ́bà róbótó kékeré kan wà láàárín wọn. Ẹ wo iwájú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti yọ, ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi irin pọ́n hóòsì, kí ẹ sì wo kọ́ńdẹ́ńsà, nítorí òkúta ojú títì máa ń bà á. Ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì náà máa ń jò; ìdérí ike rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, tó bá ti sọ nù kí ẹ wá òmíràn dé e.

Bí ojú kò bá rí i, wọ́n á fi aró kan sínú gáàsì, wọ́n á ní kí ẹ máa wa mọ́tò fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i. Ibi tó ń jò á máa tàn yanran. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń gbóòórùn gáàsì. Ìsàlẹ̀ páìpù ló yẹ kí wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sí, nítorí gáàsì AC wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn sí. Tí wọ́n bá fura sí ifápórétọ̀ tí ojú kò lè rí, ẹnu páìpù tí omi ń gbà kán sábẹ́ mọ́tò ni wọ́n máa gbé ẹ̀rọ náà sí.

Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù fún mọ́tò tí gáàsì rẹ̀ ti tán pátá ni kí wọ́n rọ náítírójìn sí i, kí wọ́n wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo orí ìsopọ̀. Níbi tó bá ti hó, ibẹ̀ ló wà.

Àwọn kan á ní àwọ́n ti fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, pé gééjì tó ń ka pírẹ́ṣọ̀ kò sì sún, nítorí náà kò jò. Ìdánwò yẹn dára ṣùgbọ́n kò tó. Agbára tí ẹ̀rọ yẹn fi ń fà kò ju nǹkan bíi 15 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka pírẹ́ṣọ̀) lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni pírẹ́ṣọ̀ máa ń kọjá 200 psi nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà tí kò jò nígbà tí wọ́n ń fà á sínú lè jò dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń tì í síta.

Oògùn inú agolo tí wọ́n ní ó ń dí ihò ńkọ́?

Èmi kò fara mọ́ ọn. Ó lè dí expansion valve mọ́ ihò tí ẹ fẹ́ dí, ó sì lè ba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa gáàsì jẹ́. Àwọn tó ní ẹ̀rọ gidi máa ń kọ mọ́tò tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti fi sí.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò yí rárá. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Ẹ má ì tíì sin ín. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kílọ́ọ̀ṣì oní-màgínẹ́ẹ̀tì kan wà lójú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó gbọ́dọ̀ gbá a mú kó tó yí, ẹ sì máa gbọ́ “tàk” nígbà tó bá gbá a mú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè ní kó má gbá a mú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé gáàsì ti jò kọjá ààlà: ṣíwíìsì kan wà lára páìpù tó ń ka pírẹ́ṣọ̀, tó bá ti kéré jù, yóò gé iná kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kúrò kó má bàa yí láìsí ọ́ìlì. Ó lè jẹ́ fíúsì ló jó, tàbí rílè, ìyẹn ṣíwíìsì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó ń tì. Ẹ lè yọ rílè náà kí ẹ fi òmíràn tó bá a mu nínú àpótí fíúsì kan náà dán an wò, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó lè jẹ́ àlàfo tó wà láàárín awo kílọ́ọ̀ṣì ló ti fẹ̀ jù nítorí ogbó, tí kò fi lè gbá a mú mọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná.

Kọ̀ǹpútà mọ́tò náà lè kọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, ọ̀pọ̀ mọ́tò máa ń pa AC láti fi gba ẹ́ńjìnnì là. Nígbà náà, ẹ gbàgbé AC ná, ẹ tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Tí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé òtútù ìta ti dé −40, kọ̀ǹpútà kò ní tan AC fún yín láéláé.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi wáyà so ṣíwíìsì pírẹ́ṣọ̀ yẹn pọ̀ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè yí “tipátipá”, ẹ ní kó jáwọ́. Ṣíwíìsì náà ń gba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín là ni.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun, kò sí kílọ́ọ̀ṣì kankan. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn ń yí nígbà gbogbo, fáàfù oníná kan ló ń pinnu iye gáàsì tó máa fún. Tí irú èyí kò bá tutù, ojú kò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ń tutù tí mo bá ń sáré, ó sì ń gbóná tí mo bá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí ló dé?

Atẹ́gùn ni. Bí mọ́tò bá ń lọ, ìsáré rẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọ́ńdẹ́ńsà. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá mú irú ẹjọ́ yìí wá, fáànù ni èmi á kọ́kọ́ wò lára mọ́tò gbogbo wọn: ṣé ó ń yí, ṣé ó ń yí kíákíá tó, ṣé ibi tó yẹ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí? Mọ́tọ̀ fáànù (ẹ̀rọ kékeré tó ń yí i), fíúsì rẹ̀, rílè rẹ̀ àti wáyà rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Nígbà míì fáànù dára, kọ́ńdẹ́ńsà ló dọ̀tí. Ẹ fi omi tí kò lágbára fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú bí àyè bá gbà. Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára ńlá máa ń ká awẹ́ irin rẹ̀ wó.

Gáàsì tó dín díẹ̀ náà lè fa irú èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i dájú pé fáànù dára ná.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò lágbára. Ṣé ìyẹn náà kan gáàsì?

Tó bá jẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti tàn án ni kò ti lágbára, kò kan gáàsì. Fílítà afẹ́fẹ́ inú mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ̀yìn àpótí iwájú èrò ló sábà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 15,000 sí 20,000 kìlómítà tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó sì yẹ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí eruku bá pọ̀. Bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí ẹ bá fi sí ibi tó ga jù lọ, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣàkóso ìyára rẹ̀ ló jó, kò le láti pààrọ̀.

Ó máa ń tutù gan-an tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, á dáwọ́ dúró.

Ìbéèrè kan ni màá bi yín padà: ṣé afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń dín kù, àbí ó ṣì ń fẹ́ fíù ṣùgbọ́n tó gbóná?

Tí afẹ́fẹ́ bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́, ifápórétọ̀ ti di yìnyín. Omi inú afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa kán sábẹ́ mọ́tò ló dì mọ́ ara irin, tó sì dí ojú ọ̀nà. Ẹ pa AC, kí ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15. Tó bá tún fẹ́ dáadáa lẹ́yìn náà, omi á sì kán púpọ̀ sílẹ̀, ó ti dájú nìyẹn. Fílítà tó dọ̀tí, gáàsì tó dín, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó dá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dúró kí yìnyín tó dé ló ń fà á.

Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ bó ṣe ń fẹ́, àmọ́ tí òtútù lọ tó tún padà láìnídìí, ẹ fura sí ọ̀rinrin nínú gáàsì. Ẹ̀kán omi kékeré lè di yìnyín sẹ́nu expansion valve, kó dí i, kó yọ́, kó tún dí i. Kílọ́ọ̀ṣì tí àlàfo rẹ̀ ti fẹ̀ náà máa ń hùwà bẹ́ẹ̀ tí ooru bá pọ̀.

Ọ̀dọ̀ èmi awakọ̀ gbóná, ọ̀dọ̀ èrò tutù. Mo tún ń gbọ́ “tàk-tàk-tàk” nínú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ìlẹ̀kùn kékeré wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń pín afẹ́fẹ́ láàárín òtútù AC àti ooru ẹ́ńjìnnì, mọ́tọ̀ kékeré ló ń ṣí i tó ń tì í. Ariwo yẹn ni ti eyín ike rẹ̀ tó ti kán, tó ń yọ̀. Ìlẹ̀kùn há sí ìhà ooru lọ́dọ̀ yín. Wọ́n á pààrọ̀ mọ́tọ̀ náà, AC á sì tutù láìfi gíráàmù gáàsì kan kún un. Ẹ mọ̀ ṣá o, gáàsì tó dín díẹ̀ náà máa ń mú kí ìhà kan tutù ju èkejì lọ nínú àwọn mọ́tò kan, ṣùgbọ́n òun kì í pariwo.

Kí ni gééjì méjì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù ń sọ?

Aláwọ̀ búlúù ń ka apá tó tutù, pupa ń ka apá tó gbóná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Fún R-134a, nǹkan bí 82 psi ni tí ojú ọjọ́ bá jẹ́ 25°C, nǹkan bí 97 psi ni ní 30°C. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ o: pírẹ́ṣọ̀ yìí kò sọ iye gáàsì tó wà níbẹ̀. Bó bá ṣe díẹ̀ tó kù tó ṣì jẹ́ olómi, iye kan náà ló máa kà. Kìkì pé gáàsì ti tán tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló lè sọ.

Tí AC bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ooru wà níwọ̀nba, búlúù sábà máa ń wà láàárín 25 sí 45 psi, pupa láàárín 150 sí 250 psi, ó sì ń ga sí i bí oòrùn bá ṣe ń mú. Bí àwọn méjèèjì bá kéré, gáàsì dín. Bí àwọn méjèèjì bá ga, gáàsì pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà kò rí atẹ́gùn. Bí búlúù bá ga tí pupa sì kéré, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò lágbára mọ́. Bí búlúù bá lọ sílẹ̀ débi tó fẹ́ kan òdo, nǹkan kan dí ojú ọ̀nà.

Ṣé mo lè fúnra mi rọ gáàsì látinú agolo?

Àwọn èèyàn ń ṣe é, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe é. Gééjì orí agolo ń ka apá búlúù nìkan, ẹ sì ti rí i lókè pé apá kan kò lè rò gbogbo ẹjọ́. Gáàsì tó pọ̀ jù burú bí èyí tó dín: ó ń gba àyè inú kọ́ńdẹ́ńsà, pírẹ́ṣọ̀ á ga, òtútù á dín kù, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á sì máa jìyà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré kì í gbà ju nǹkan bí 400 sí 800 gíráàmù lọ. Iye tí tiyín ń gbà wà lórí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n fa gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ jáde, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn iye tí ìwé yẹn kọ, kí wọ́n sì rọ ọ́.

Tí gáàsì olómi bá ta sí ọwọ́ tàbí ojú yín, yóò mú kí ẹran ara dì lójú ẹsẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ṣe pàtàkì. Iná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí gáàsì yìí máa ń di májèlé tó bá kan iná.

Gáàsì wo ni mọ́tò mi ń lò?

Ìwé abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló máa sọ. R-12 ni àwọn mọ́tò àtijọ́ ń lò, kí Àdéhùn Montreal tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1987 tó lé e kúrò nílẹ̀ nítorí ìpalára tó ń ṣe fún ọ́sóónù, ìpele òkè ọ̀run tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. R-134a ló rọ́pò rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2017, wọn kò gbọ́dọ̀ fi R-134a sí mọ́tò tuntun mọ́. R-1234yf ló gbòde báyìí. Wọn kò gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀. Ẹnu ihò ìrọgáàsì wọn pàápàá kò bá ara wọn mu, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn kan ń rọ gáàsì ìdáná sí AC nítorí pé ó ń tutù lóòótọ́. Ẹ má gbà fún wọn. Gáàsì tó ń gbiná ni, ọ̀kan nínú àwọn ibi tó lè jò sí sì ni inú mọ́tò, lọ́dọ̀ yín àti àwọn ọmọ yín.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mi fọ́. Ṣé kí wọ́n kàn pààrọ̀ rẹ̀?

Bí wọ́n bá kàn pààrọ̀ rẹ̀ nìkan, tuntun náà kò ní pẹ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó fọ́ máa ń tú ìdọ̀tí irin dúdú káàkiri páìpù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ páìpù, kí wọ́n pààrọ̀ expansion valve, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìgò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, èyí tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí páìpù sílẹ̀ fún àkókò gígùn. Ní ti kọ́ńdẹ́ńsà ìgbàlódé, ihò inú rẹ̀ tóóró débi pé kò ṣeé fọ̀ mọ́. Pípààrọ̀ rẹ̀ ló dáa. Kí wọ́n bi ara wọn pẹ̀lú pé kí ló pa èyí àkọ́kọ́.

Omi ń kán lábẹ́ mọ́tò. AC tún ń rùn.

Omi mímọ́ tó ń kán sábẹ́ ibi ẹsẹ̀ èrò iwájú kò léwu, òógùn ifápórétọ̀ ni, bí ife omi tútù ṣe ń làágùn. Bí omi náà bá ń wọ inú kápẹ́ẹ̀tì dípò kó kán sílẹ̀, páìpù rẹ̀ ti dí, kí wọ́n là á. Òórùn bíi ti aṣọ tó rin tí kò gbẹ jẹ́ ti ebu tó hù sára ifápórétọ̀. Fílítà tuntun àti oògùn ìfọ̀ tí wọ́n ń fín sí i máa ń mú un lọ. Bí ẹ bá ku bí ìṣẹ́jú 3 kí ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ pa AC, kí fáànù ṣì máa fẹ́ ẹ gbẹ.

Mọ́tò oníná tàbí alábàáṣe iná (hybrid, tó ń lo epo àti iná) ńkọ́?

Iná mànàmáná ló ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe bẹ́líìtì. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wọ inú rẹ̀ ń gbé iná tó lè pani; ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì wọn yàtọ̀ pẹ̀lú. Ọ́ìlì PAG tí ọ̀pọ̀ mọ́tò oní-bẹ́líìtì ń lò lè jẹ́ kí iná já sára irin nínú irú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yìí, nítorí náà ẹ bi ẹni tó fẹ́ tún un ṣe bóyá ẹ̀rọ tó fẹ́ fi rọ gáàsì ti fọ ọ́ìlì mọ́tò ìṣáájú kúrò nínú hóòsì rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn mọ́tò yìí, AC ló tún ń mú kí bátìrì ńlá wọn má gbóná jù, ẹ má fi falẹ̀.

Kí ló yẹ kí n bi ẹni tó fẹ́ tún AC mi ṣe kí n tó sanwó?

Ẹ bi í pé: níbo ló ti ń jò, kí ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Gíráàmù mélòó lẹ rí fà jáde, mélòó lẹ sì rọ padà? Kí ni gééjì méjèèjì kà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn tí ẹ parí? Ìwọ̀n òtútù mélòó ló ń jáde lẹ́nu ihò àárín báyìí? Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, ó ti ní ìdáhùn wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ju “mo ti gáàsì í” lọ, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà.

Ṣé ó yẹ kí n máa tan AC nígbà tí ojú ọjọ́ tutù?

Ó yẹ, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ́ìlì tó ń bá gáàsì yí po ló ń jẹ́ kí síìlì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa rọ̀. Èyí tí wọ́n bá pa tì fún oṣù púpọ̀ máa ń gbẹ, ibẹ̀ ni gáàsì á sì máa gbà jáde. AC tún ń gba ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, nítorí náà òun ló máa tètè mú kùrukùru kúrò lójú gíláàsì iwájú yín tí òjò bá ń rọ̀.